Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Láti Inú Ẹ̀wọ̀n: Lẹ́tà Àwọn Ẹlẹ́wọ̀n Òṣèlú Sí Ará Ilé Wọn

Nǹkan márùn-ún ni ó wà nínú ẹrù náà: òkúta kan, èédú kan, ata kan, àgbàdo yíyan àti àkísà. Ọkùnrin kan tí ogun Dàhòmì kó lẹ́rú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ó fi wọ́n ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀. Kò sí ìwé níbẹ̀, kò sí tàdáwà, síbẹ̀ obìnrin náà kà á tán pátápátá. Òkúta ní ara ọkọ rẹ̀ ṣì le. Èédú ní ọjọ́ iwájú ṣókùnkùn. Ata ní ọkàn rẹ̀ ń gbóná nítorí ìrònú. Àgbàdo yíyan ní ìyà ti mú kí ara rẹ̀ gbẹ. Àkísà ní aṣọ ọrùn rẹ̀ ti gbó, ó sì ti ya.

Àkọsílẹ̀ àrokò yìí jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1885 lábẹ́ orúkọ C. A. Gollmer, òjíṣẹ́ ìjọ CMS tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Àgbádárìgì àti Abẹ́òkúta. Abẹ́òkúta, tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kọlù ní ọdún 1851 àti ní ọdún 1864, kò jìnnà sí ilẹ̀ Ìbàràpá. Nítorí náà, ìtàn ẹni tí wọ́n mú lọ tí ará ilé rẹ̀ kò gbúròó rẹ̀ mọ́ kì í ṣe ìtàn àjèjì ní Lánlátẹ̀, Èrúwà, Igbó-Ọrà àti àwọn ìlú Ìbàràpá yòókù.

Ó yẹ kí òǹkàwé fiyè sí ohun kan nínú àrokò náà. Ẹni tí ó bá gbé òkúta àti àkísà dání lè kọjá níwájú ẹ̀ṣọ́ láìsí ìfura, nítorí pé lójú ẹ̀ṣọ́, ìdọ̀tí lásán ni. Ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ nìkan ni ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni. Àwọn àgbà sọ pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odindi. Òwe yìí ni òfin tí gbogbo lẹ́tà ẹlẹ́wọ̀n òṣèlú ń tẹ̀lé, ìbáà jẹ́ ní Abọ́mẹ̀, ní Rọ́ṣíà tàbí ní Nàìjíríà. Ẹlẹ́wọ̀n náà ń kọ̀wé sí ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: aya tàbí ọmọ tí orúkọ rẹ̀ wà lára àpò ìwé, àti òṣìṣẹ́ ìjọba tí yóò kọ́kọ́ ya àpò náà. Ohun tí ó bá lè tẹ́ òṣìṣẹ́ yẹn lọ́rùn ni ó lè dé ilé. Ará ilé ni yóò fi àbọ̀ kejì kún un.

Kò sí ibi tí a ti kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ pọ̀ tó ilẹ̀ Rọ́ṣíà ní ayé ìjọba Soviet. Ní ayé Stalin, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ni wọ́n kó lọ sí àwọn àgọ́ ìfipámúniṣiṣẹ́ tí a ń pè ní Gulag, ọ̀pọ̀ wọn láìṣẹ̀ láìrò. Ọ̀kan nínú wọn ni Alexei Wangenheim, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ojú ọjọ́, tí ó jẹ́ olórí iléeṣẹ́ tí ń sọ bí òjò àti ọ̀gbẹlẹ̀ yóò ṣe rí ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Wọ́n mú un ní oṣù Kìíní ọdún 1934, wọ́n sì gbé e lọ sí erékùṣù Solovki ní ìhà àríwá, níbi tí òtútù ti ń mú bí ẹni pé kò ní dáwọ́ dúró. Ọmọbìnrin rẹ̀, Eleonora, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin.

Kí ni baba lè kọ sí ọmọ tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà? Wangenheim ya àwòrán ewé, òdòdó, èso àti ẹranko, ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ sínú àwọn lẹ́tà rẹ̀. Ó fi ewé kọ́ ọmọ náà ní ìṣirò, kí ó lè máa ka ìka ewé kọ̀ọ̀kan ní ení, èjì, ẹ̀ta. Ó pa àlọ́ fún un. Ẹ̀ṣọ́ tí ó bá ya àpò ìwé náà kò rí ohun kan ju àwòrán ewé lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ náà mọ̀ pé baba òun wà láyé, pé ó ń ronú nípa òun, àti pé ó ń tọ́ òun dàgbà láti ọ̀nà jíjìn. Òkúta, èédú àti ata tún ti di ewé àti òdòdó.

Ní ọdún 1937, àwọn lẹ́tà náà dúró. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kọkànlá ọdún náà, wọ́n yìnbọn pa Wangenheim ní igbó kan tí à ń pè ní Sandarmokh, òun àti ọ̀pọ̀ ènìyàn mìíràn. Wọn kò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ní àwọn ọdún yẹn, nígbà tí ará ilé bá béèrè ẹni wọn ní ọ́fíìsì ọlọ́pàá ìkọ̀kọ̀, ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ń gbà ni pé wọ́n ti rán an ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá, láìsí ẹ̀tọ́ láti kọ lẹ́tà. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó padà sílé lọ ka ọdún mẹ́wàá. Wọn kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí pé ẹni wọn ti kú. Ọdún 1997 ni àwọn olùwádìí tó rí ibojì Sandarmokh. Eleonora ti di àgbàlagbà nígbà náà, ṣùgbọ́n àwọn àwòrán baba rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó parí síbi ìbọn. Lev Mishchenko, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Moscow tí ó jagun Hitler tí wọ́n sì tún fi ẹ̀sùn kàn án nígbà tí ó padà dé, lọ sí àgọ́ Pechora ní ọdún 1946. Láàárín ọdún náà sí ọdún 1954, òun àti Svetlana, obìnrin tí ó fẹ́ fi ṣe aya, kọ lẹ́tà 1,246 sí ara wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n ni ó ń bá wọn gbé púpọ̀ nínú wọn wọlé, tí wọ́n sì ń gbé wọn jáde lábẹ́ aṣọ. Nítorí pé àwọn lẹ́tà wọ̀nyí kò gba ọwọ́ ẹ̀ṣọ́ kọjá, wọ́n sọ òtítọ́ ju ọ̀pọ̀ lẹ́tà mìíràn lọ. Àwọn méjèèjì fẹ́ ara wọn, wọ́n sì dàgbà pọ̀. Ẹgbẹ́ Memorial ní Moscow ni wọ́n fi àpótí lẹ́tà wọn sí lọ́wọ́, ẹgbẹ́ yìí kan náà tí ìjọba Rọ́ṣíà pa rẹ́ ní ìparí ọdún 2021.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé irú èyí kò dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kí ó bi àwọn ará Gíní léèrè. Ní àgọ́ Boiro ní Conakry, ní ayé Sékou Touré, ẹni tí ó bá wọlé ti wọlé nìyẹn. Diallo Telli, tí ó jẹ́ akọ̀wé àgbà àkọ́kọ́ fún Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà, kú síbẹ̀ ní ọdún 1977, lẹ́yìn tí wọ́n fi ebi àti òǹgbẹ pa á. Fún ọ̀pọ̀ ìdílé, kò sí lẹ́tà, kò sí òkú, kò sí ibojì. Ìyàwó ilé kò mọ̀ bóyá òun jẹ́ aya tàbí opó.

Ní Nàìjíríà, ìtàn náà ní ojú púpọ̀. Nígbà tí ẹjọ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lórí ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ sí ìjọba ṣì ń lọ lọ́wọ́, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin àkọ́bí, Ṣẹ́gun, agbẹjọ́rò ọ̀dọ́, kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Keje ọdún 1963. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, adájọ́ rán baba rẹ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ìyàwó rẹ̀, Hannah Ìdòwú Dídéolú, ní láti ru ẹrù méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òkú ọmọ àti ìdè ọkọ. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà ní ẹ̀wọ̀n Calabar, tí ó jìnnà réré sí Ìkẹ́nnẹ́, ó di dandan fún obìnrin oníṣòwò yìí láti jáde sórí pèpéle òṣèlú ní ọdún 1964, kí orúkọ ọkọ rẹ̀ má baà parẹ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1966 ni ìjọba ológun tú Awólọ́wọ̀ sílẹ̀. Ó jáde pẹ̀lú ìwé tí ó ti kọ nínú ẹ̀wọ̀n. Ìwé àti bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀, ohun tí àwọn mìíràn kò rí.

Wọlé Ṣóyínká kò rí i. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1967, nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀, ìjọba mú un. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àkókò tí ó lò ní àtìmọ́lé, títí di oṣù Kẹwàá ọdún 1969, ni ó fi wà ní òun nìkan nínú yàrá kan ní Kàdúná. Wọn kò fún un ní ìwé, wọn kò fún un ní bírò. Ó po tàdáwà fúnra rẹ̀, ó sì ń kọ̀wé sórí bébà ìnùdí àti sí àárín ìlà ìwé títẹ̀ tí ó bá bọ́ sí i lọ́wọ́. Wọ́n yọ́ ewì rẹ̀ méjì gbé jáde, wọ́n sì tẹ̀ wọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1969 nígbà tí ó ṣì wà nínú àhámọ́. Ìwé kékeré yẹn ni ẹ̀rí fún àwọn ọ̀rẹ́ àti ẹbí pé ọkàn rẹ̀ kò tíì fọ́. Òkúta ìgbèkùn Abọ́mẹ̀ ni, tí ó wọ aṣọ ewì.

Àkókò tí ó burú jù lọ ni ayé Ọ̀gágun Sani Abacha, láti ọdún 1993 sí ọdún 1998. Ní ọdún 1995, ilé ẹjọ́ ológun tí ó jókòó ní ìkọ̀kọ̀ rán àwọn oníròyìn mẹ́rin lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére, ìyẹn Kúnlé Àjìbádé, Chris Anyanwu, George Mbah àti Ben Charles-Obi, nítorí ohun tí wọ́n kọ nípa ìdìtẹ̀ tí ìjọba sọ pé ó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dín in kù sí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n pín wọn ká sí àwọn ìlú tí ó jìnnà sí ilé wọn. Makurdi ni wọ́n gbé Àjìbádé lọ. Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tí ó ti ṣe olórí orílẹ̀-èdè rí, tí oko ọ̀sìn rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí àwọn ará Lánlátẹ̀, lo apá kan ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ní Yola. Jíjìnnà yìí kì í ṣe àṣìṣe. Ẹ̀wọ̀n méjì ni ìjọba fi ọ̀nà jíjìn ṣe: ọ̀kan fún ẹni tí a tì mọ́lé, ọ̀kan fún ìyàwó tí yóò máa wọ ọkọ̀ láti ọ̀yẹ̀ títí di alẹ́, tí kò sì mọ̀ bóyá wọn yóò jẹ́ kí ó rí i nígbà tí ó bá dé.

Ken Saro-Wiwa wà ní àhámọ́ àwọn ológun ní Port Harcourt láti oṣù Karùn-ún ọdún 1994. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń kọ̀wé sí Majella McCarron, arábìnrin ìjọ Àgùdà láti ilẹ̀ Ireland tí ó ti bá àwọn Ogoni ṣiṣẹ́. Inú agbọ̀n oúnjẹ ni wọ́n ń fi àwọn lẹ́tà náà pamọ́ sí kí wọ́n tó jáde. Lẹ́tà méjìdínlọ́gbọ̀n ni ó kù. Nínú wọn ni ọkùnrin yìí ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó wà nílé: ó ń béèrè àlàáfíà, ó ń ṣètò iṣẹ́, ó ń ronú nípa àwọn ọmọ rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kọkànlá ọdún 1995, wọ́n so òun àti àwọn ẹni mẹ́jọ mìíràn kọ́. Ní ọdún 2000, ọmọ rẹ̀ Ken Wiwa tẹ ìwé kan jáde lórí bí ó ti nira tó láti jẹ́ ọmọ ẹni tí gbogbo ayé fi ṣe akọni. Ìwé yẹn dàbí èsì tí ó pẹ́ kó tó dé ọwọ́ ẹni tí ó ni ín.

Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ìwúlò lẹ́tà, kí ó wo ẹni tí kò rí lẹ́tà gbà. Olóyè M. K. O. Abíọ́lá borí nínú ìdìbò ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹfà ọdún 1993. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1994, wọ́n tì í mọ́lé. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1996, wọ́n yìnbọn pa ìyàwó rẹ̀, Kúdírátù, ní Èkó. Nígbà tí Kofi Annan, akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, lọ bẹ̀ ẹ́ wò ní ọdún 1998, Abíọ́lá kò mọ ẹni tí ó jẹ́. Nígbà tí Annan sọ fún un, ó béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ará Íjíbítì tí ó wà lórí àga náà tẹ́lẹ̀. Ọmọ Íjíbítì náà, Boutros-Ghali, ti kúrò nípò láti ìparí ọdún 1996. Olówó tí ó ní iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn, tí ìròyìn gbogbo ayé ti ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, kò mọ ohun tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kékeré ní Lánlátẹ̀ lè gbọ́ lórí rédíò. Ó kú ní àhámọ́ ní ọjọ́ keje oṣù Keje ọdún náà. Èyí ni ìdí tí ìjọba apàṣẹwàá fi ń bẹ̀rù lẹ́tà. Ẹni tí kò bá gbọ́ láti ilé, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú ayé kí ó tó kú.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀wọ̀n ni apá kan ìtàn yìí, ilé ni apá kejì, ilé sì ni ìtàn máa ń gbàgbé. Kí tẹlifóònù alágbèéká tó dé, lẹ́tà ni ọba ní Ìbàràpá bíi ti ibi gbogbo. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni ó ń kà á sókè fún ìyá tí kò kàwé. Ọmọ náà yóò bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí gbogbo lẹ́tà ti ń bẹ̀rẹ̀: ara ẹni tí ó kọ ọ́ le, ó sì gbà á ládùúrà pé bẹ́ẹ̀ ni ti ará ilé rí. Ìyá kì í fetí sí ibẹ̀ púpọ̀. Ohun tí kò sí nínú lẹ́tà ni ó máa ń gbọ́. Kò béèrè àbúrò rẹ̀, kí ló dé? Kò sọ pé òun ń bọ̀ ní ọdún Kérésì, ṣé kò sí nǹkan? Ó ní kí a ka ìlà kan lẹ́ẹ̀kejì. Ó gba lẹ́tà náà, ó ká a, ó fi í sábẹ́ aṣọ nínú àpótí. Ìmọ̀ yìí gan-an ni ìyàwó ìgbèkùn Abọ́mẹ̀ lò láti ka òkúta àti àkísà. Òun náà ni ìyàwó ẹlẹ́wọ̀n òṣèlú ń lò nígbà tí lẹ́tà bá dé tí ó sọ pé oúnjẹ dára, tí ọwọ́ ìkọ̀wé sì ń gbọ̀n.

Nítorí náà, kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n nìkan ni ó kọ ìtàn tí ó wà nínú lẹ́tà rẹ̀. Ẹni tí ó gbà á, tí ó lóye rẹ̀, tí ó sì pa á mọ́, bá a kọ ọ́. Ká ní ìyàwó Wangenheim sun àwọn àwòrán ewé náà nítorí ìbẹ̀rù ni, tí ọ̀pọ̀ ará Rọ́ṣíà sì sun tiwọn, ayé kì bá tí mọ̀ pé baba kan wà ní Solovki tí ó ń fi ewé kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Àkọsílẹ̀ ilé ẹjọ́ ni kì bá kù, àkọsílẹ̀ yẹn sì pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Ohun tí ìjọba kọ nípa ènìyàn máa ń wà ní fáìlì, ó sì máa ń pẹ́. Ohun tí ènìyàn kọ nípa ara rẹ̀ wà nínú àpótí ìyá rẹ̀, níbi tí ikán àti òjò ti lè bà á jẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé dúró nìyẹn lónìí. Àwọn lẹ́tà Saro-Wiwa sí Majella McCarron wà ní yunifásítì Maynooth ní Ireland, ibi tí arábìnrin náà fi wọ́n sí ní ọdún 2011, tí wọ́n sì tẹ̀ wọ́n jáde ní ọdún 2013. Ó dára pé wọ́n wà ní ibi ààbò, ṣùgbọ́n ọmọ Ogoni tí ó bá fẹ́ fojú rí ọwọ́ ìkọ̀wé náà ní láti wọ ọkọ̀ òfuurufú. Fún àwọn olórí ńlá, ibi ìpamọ́ wà: ilé ìkàwé Awólọ́wọ̀ wà ní Ìkẹ́nnẹ́, ti Ọbásanjọ́ sì wà ní Abẹ́òkúta láti ọdún 2017. Àmọ́ kì í ṣe olórí ńlá nìkan ni ìjọba tì mọ́lé. Àwọn oníròyìn, àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga àti àwọn tí kò ní orúkọ kankan wà lára wọn. Lẹ́tà tiwọn kò sí ní ilé ìkàwé ẹnikẹ́ni. Inú àpò ìwé tí ó ti pọ́n ni ó wà, lábẹ́ aṣọ òkè, lọ́wọ́ opó tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì gbá ilé mọ́ lọ́jọ́ tí ó bá kú.

Kò ná ilé kan ní púpọ̀ láti ṣe ohun tí ó yẹ. Kí ọmọ jókòó ti ìyá nígbà tí ìyá ṣì lè sọ̀rọ̀. Kí ó ka lẹ́tà náà sókè fún un, kí ó sì béèrè ohun tí ìlà kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí, ẹni tí orúkọ àdàpè tó wà níbẹ̀ ń tọ́ka sí, àti ohun tí ẹni tó kọ ọ́ kò lè sọ nígbà náà. Kí ó kọ èsì ìyá sílẹ̀. Kí ó fi ẹ̀rọ ya àwòrán lẹ́tà náà, kí ó sì gbé ojúlówó rẹ̀ lọ sí ibi tí ikán kò lè dé. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni ẹlẹ́wọ̀n fi ránṣẹ́. Inú ìyá ni ó ti di odindi. Bí ìyá bá lọ láìsọ ọ́, àbọ̀ náà ni yóò kù fún àwọn ọmọ.

Nígbà tí ìgbèkùn Abọ́mẹ̀ fi òkúta àti àkísà ránṣẹ́ sílé, ìyàwó rẹ̀ kò jù wọ́n sí ààtàn. Ó sọ ìtumọ̀ wọn fún ẹlòmíràn, ẹni yẹn sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹnì kan fi lè jókòó ní Lánlátẹ̀ lónìí, kí ó sì mọ̀ pé ata wà nínú ọkàn ọkùnrin náà.